Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

                                                            Ilé Àwọn Bhele,
                                                            Abúlé Mzantsana,
                                                            Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 41,
                                                            Gcuwa.
                                                            Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọ̀wọ́n, MaBhele,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ẹgbẹ̀ta rándì tó ṣẹ́kù nínú owó ewúrẹ́ tí ẹ bá wa rà lọ́jọ́ tí a gba Nosiviwe ìyàwó wa wọlé wà nínú tówẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì yóò fi lé yín lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kókó méjì ni mo ta sí i. Bí ẹ bá bá kókó kan ṣoṣo, ẹ má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé. Kúbùsù yín tí mo yá wà nínú àpò kejì. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti rán etí rẹ̀ tó ti ń já kí n tó yá a. N kò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́ o, àfi ọpẹ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé mo ní ẹ̀bẹ̀ kan nísàlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti owó. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹni tó jẹ gbèsè ló ń bẹ̀bẹ̀, tàbí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè ló ń fi í gba ojú rere.

Ó wá yá. Ẹ kú ilé o, MaBhele. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìfaradà òjò Kapa níbẹ̀ yẹn tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Orúnkún yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí yín létí, ṣé ó ti ń gbọ́ràn àbí ó ṣì ń súfèé? Ẹ má bínú pé n kò pè yín lórí fóònù. Ìgbà tí mo pè yín gbẹ̀yìn tí mo ní màlúù wa ti bímọ, ẹ ní kí n bá yín kí ìyá ọmọ, kí n sì ní kó má tètè máa gbé ẹrù. Mo jíṣẹ́ fún màlúù náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kò ṣeé fi ṣeré bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù.

Ilé wà. A ti kó àgbàdo wọlé. Kò pọ̀ bíi tèṣí, ṣùgbọ́n kò ní kòkòrò. Àbúrò yín, ọkọ mi, ṣì wà níbi ìwakùsà, ó ní ikọ́ náà ti ń dẹwọ́. N kò gbà á gbọ́, nítorí pé àárín ikọ́ méjì ló ti sọ ọ́. Lwandiso, àbíkẹ́yìn ilé yín tí mo bá ní ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n nígbà tí mo wọlé, ṣì ń wa ọkọ̀ fún ilé ìtajà pákó ní Gcuwa. Liyema ọmọ rẹ̀ ti ń sáré. Ọ̀rọ̀ ìyá Liyema ni mo sì bá wá.

Ẹ rántí pé láti ọdún tó kọjá ni Lwandiso àti Nosiviwe ti fi ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Monti, pé kí wọ́n fún Nosiviwe, ọmọ Malawi, ní àṣẹ láti máa gbé orílẹ̀-èdè yìí gẹ́gẹ́ bí aya ọmọ onílé. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo bá wọn lọ, torí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ọmọ dání. Bí a ṣe débẹ̀ ni wọ́n ní kí ọkọ wọ yàrá kan, kí ìyàwó wọ ìkejì. Èmi jókòó sórí àga onírin láàárín, Liyema sùn sí mi lẹ́yìn, ìlẹ̀kùn yàrá Nosiviwe kò sì padé dáadáa. N kò yọ́ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ló ń jáde wá bá mi.

Ọmọ wa ni ọ̀gá tó ń bi í léèrè, ọmọ Monti, tó gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ èdè wa ti inú tẹlifíṣọ̀n. Ó bi í bí wọ́n ṣe pàdé, ó dáhùn. Ó bi í nípa ẹni tó kọ́kọ́ ń jí láàárọ̀, ó dáhùn, àwọn méjèèjì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Kí lorúkọ bàbá ọkọ rẹ?”

Nosiviwe ní, “Bàbá ilé wa ni.”

“Mo mọ̀ pé bàbá ilé yín ni, àǹtí. Orúkọ ẹ̀ ni mo bèèrè.”

“Ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu agbo màlúù.”

“Ó ń sùn? Ní aago mẹ́wàá àárọ̀?”

“Ó ti kú, sà.”

“Ó kú, ó ń sùn, kò sì lórúkọ. Ó dáa, tí kò bá ṣeé sọ, gba kálámù, kọ ọ́ síbí.”

Nosiviwe sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gba kálámù náà, òun dì í mú, òun sì dá a padà fún un.

Ọ̀gá yìí mí kanlẹ̀. Ó ní, “Jẹ́ ká gbé ìyẹn tì. Tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní kílíníkì, báwo ló ṣe máa dé ilé yín?”

“Ẹ máa gba ohun-títẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi tí ohun-títẹ̀ ti pín sí méjì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì.”

“Ohun kí ni?”

“Ohun-títẹ̀, sà. Èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.”

“Àkàsọ̀ ni àbí kápẹ́ẹ̀tì?”

MaBhele, ẹ̀yin ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lórí àga yẹn, kó tó di pé mo gbọ́ bí kálámù ọ̀gá náà ṣe ń rìn lórí ìwé, tí kò dúró. Ẹ̀yin mọ ohun tó dé. Ẹ̀yin ọmọ ilé lè pe orúkọ bàbá yín bó bá ṣe wù yín. Àwa tí wọ́n fẹ́ wọlé kò gbọ́dọ̀ pè é, ì báà wà láàyè, ì báà ti kú. Nígbà tó sì jẹ́ pé orúkọ yẹn náà ni gbogbo ayé fi ń pe ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lọ sọ́jà, a kò gbọ́dọ̀ pe ìyẹn náà. Ẹ wo lẹ́tà yìí láti òkè, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ọmọ Monti yẹn ì bá mọ̀ bó bá jẹ́ èmi ló jókòó síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn mi títí dé ìpéǹpéjú. Ìyá-ìyá tirẹ̀ náà kì í pe orúkọ. Ṣùgbọ́n ará Malawi? Kò wá sí i lọ́kàn pé ará Malawi lè jẹ́ ìyàwó ilé débi pé ẹnu rẹ̀ yóò máa yẹra. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiwa yàtọ̀: ẹnu tí a pa mọ́ ló kó wa sí ìjàngbọ̀n.

Nínú yàrá kejì, wọ́n bi Lwandiso pé kí lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní Nosiviwe. Wọ́n ní nínú ìwé ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni wa ronú díẹ̀ kó tó ní Tadala. Ronú! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàtà gbá a létí nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi nínú takisí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó màlúù lọ síbi tí a ti ń rì wọ́n sínú oògùn eégbọn, tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ìjọba dé abúlé. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá MaMpinga, aládùúgbò wa, lẹ́bàá ọgbà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, tayọ̀tayọ̀.

“Ìyá, ẹ mọ Tadala Chirwa?”

“Ta?”

“Tadala Chirwa, ará Malawi.”

“Ọmọ mi, kò sí ará Malawi níbí. Àjèjì tí mo rí lónìí kò ju ẹ̀yin méjì yìí lọ.”

“Ta wá ni ìyàwó Lwandiso?”

“Nosiviwe ni! Ọmọ dáadáa. Òun ló bá mi rẹ́ ògiri mi lẹ́yìn òjò. Ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe dán.”

Wọ́n wo ògiri. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lwandiso ní ìyàwó tòótọ́ kan lábúlé tó ń jẹ́ Nosiviwe, àti pé Tadala Chirwa tó fẹ́ nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bi MaMpinga pé ṣé kò mọ̀ pé Malawi ni Nosiviwe ti wá ni, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. “Ó ti wá tipẹ́,” ó wí. “Ẹni tó ti dé kì í ṣe àlejò mọ́.” Ọ̀rọ̀ rere ni, mo sì mọ̀ pé ó wá láti inú ọkàn rẹ̀, àmọ́ ó ti ná wa ní nǹkan. Ní báyìí, ó ti ń fi orúkọ náà kọ́ ẹnu. Tó bá ń fún adìẹ lóúnjẹ, ẹ ó máa gbọ́, “Tadala, Tadala,” bí ẹni ń pe adìẹ ọ̀hún.

Lọ́jọ́ Ajé ni lẹ́tà ìjọba dé. Wọ́n ní ó dà bíi pé orí ìwé lásán ni ìgbéyàwó náà wà, àwọn sì ń gbèrò láti má ṣe gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Bí a bá ní ohun tí a fẹ́ sọ, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, kí Nosiviwe palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Liyema kò sí nínú lẹ́tà náà rárá. Wọn kò sọ bóyá kó mú ọmọ lọ tàbí kó fi ọmọ sílẹ̀ fún wa.

Lwandiso kò tiẹ̀ kà á tán tó fi ní lọ́yà ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ mọ obìnrin kan ní Monti, Lọ́yà Qumza, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ rándì ni kó tó jókòó gbọ́ tẹnu yín. Bó bá wá gba ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Mo ṣírò rẹ̀. Màlúù kan àti ààbọ̀ ni, n kò sì tíì rí ẹni tó ń ra ààbọ̀ màlúù. Ọkùnrin kan tún wà tó máa ń jókòó lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ́fíìsì yẹn, tó ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé. Òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré, pé òun mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì náà. Mo ní kó fún mi ní rìsíìtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, irú iṣẹ́ yìí kì í ní rìsíìtì.” Mo ní irú owó yìí náà kì í jáde lápò mi. Ìyẹn ti parí.

Èrò tèmi lákọ̀ọ́kọ́ ni pé a kò nílò lọ́yà rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kó tún un ṣe. Kí Nosiviwe padà lọ, kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká máa lọ sílé. Owó takisí nìkan ni. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àgbàdo ni àwa méjèèjì ń yìn lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, “Ìyàwó mi, bàbá ti kú. Kò ní dìde. Pè é lẹ́ẹ̀kan, kí ó parí.”

Ó yin àgbàdo kan tán, ó mú òmíràn.

Mo ní, “Àbí o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, ìyálé mi. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ pè é kí n gbọ́, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.”

Ọmọ àlè! Mo la ẹnu. MaBhele, mo la ẹnu lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti fi màlúù mẹ́fà fẹ́ mi wá sílé yìí fún àbúrò yín, n kò tíì pè é rí. Bí mo bá fẹ́ sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, mo máa ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká bí ẹni tó ń rìn yí kòtò ká. Orúkọ náà dé ẹ̀yìn eyín mi, ó jókòó síbẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Nosiviwe bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi dànù lẹ́sẹ̀ mi. Liyema wá sáré kọjá, ó fẹ́ jáde, ó ń fi ìka tọ́ka síta, ó sì ń pariwo orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀ bó ṣe wù ú, torí òun ọmọ ilé ni, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Àwa ìyàwó méjèèjì wólẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ló wá sọ ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ní ilé àwọn, ọkùnrin ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, kì í ṣe obìnrin. Ìyá òun sunkún nígbà tí òun ní òun ń lọ. Ó ní, “Nígbà tí mo dé, gbogbo ohun tí mo ní níbí, ẹ̀yin lẹ fún mi: aṣọ, orúkọ, ibi tí mo ń sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ara mi ṣe, tí mo fi mọ̀ pé mo ti di ìyàwó yín, ni ọ̀rọ̀ tí n kì í sọ. Tí mo bá ta ìyẹn kí wọ́n lè jẹ́ kí n máa gbé inú ilé yìí, ìyálé mi, ilé ta ni mo wá ń gbé?”

Mo ní kó yin àgbàdo rẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ ewúrẹ́. Kí ẹ tó fún un ní ẹran jẹ àti wàrà kíkan mu, mo fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ẹ má tètè sọ ọ́ lórúkọ, pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé ẹni tó ti òkèèrè wá lè jẹ́ ìwé ìgbélùú ló ń wá. Ẹ wò mí, ẹ padà lọ, ẹ sì pè é ní Nosiviwe, a-ti-gbọ́-tiwa. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà náà bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Mo ń dúró de ọjọ́ tí yóò fi ara rẹ̀ hàn. Ó ti fi ara rẹ̀ hàn nísinsìnyí. Ẹni tó wá nítorí ìwé ì bá ti kọ́ orúkọ yẹn sórí bí orin. Ó ṣáà wà nínú fọ́ọ̀mù tí Lwandiso kọ. Ìwé náà ló wà níwájú rẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá kálámù padà.

Nítorí náà ni mo ṣe tún ọ̀rọ̀ lọ́yà rò. Mo bi ara mi pé kí gan-an ni a ó máa sanwó fún? Lọ́yà kì í ṣe oníṣẹ́ ìyanu. Òótọ́ la ní, òótọ́ kì í sì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: kò mọ bàbá ọkọ rẹ̀, kò mọ èdè ilé ọkọ rẹ̀, aládùúgbò kò mọ̀ ọ́n. Ìwé márùn-ún tí mo kà tó láti fi kọ lẹ́tà sí yín. Kò tó láti fi dá ìjọba lóhùn. Bí mo bá kọ ọ́ fúnra mi pé ìyàwó wa dákẹ́ nítorí ìtẹríba, wọ́n á ní ẹ gbọ́ àwáwí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí ẹni tí kò jẹun nílé wa rí yóò fi gbọ́ ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ ra ohun tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Lánàá, mo ní kí Lwandiso pe ọ́fíìsì lọ́yà náà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Akọ̀wé rẹ̀ ló gbé e. Mo ní kí ló wà nínú ìjókòó ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ṣé tíì wà níbẹ̀? Ó ní kí n mú sùúrù. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló wá sórí ẹ̀rọ. Mo rò ó fún un ní ṣókí, torí owó fóònù ń lọ. Kò rẹ́rìn-ín nípa kápẹ́ẹ̀tì. Ó kàn bi mí léèrè kan: “Màmá, ta ló wà nínú ilé yín tó lè pe orúkọ náà?”

Mo ní àwọn ọkùnrin ilé, ọmọ ọdún méjì kan, àti ọmọbìnrin ilé tó wà ní Kapa.

Ó ní, “Ọmọbìnrin ilé yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá kí ẹ tó wá bá mi. Bí ẹ bá wá láìní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, owó yín ni mo máa gbà lásán.”

Obìnrin tó lè lé owó sẹ́yìn báyìí, mo lè jókòó tì í. Mo ti pinnu, MaBhele. A ó lọ. Ìdámẹ́ta owó àjọ tí mo máa kó lóṣù yìí tó fún ìjókòó àkọ́kọ́. N kò ní ta màlúù kankan títí yóò fi sọ fún mi, igun kan lẹ́yìn ìkejì, ohun tí owó ìyókù yóò ṣe. Bó bá ní lẹ́tà kan tó dáa nìkan ló kù, kó kọ lẹ́tà kan. Bó bá di dandan, àbúrò yín ní ká ta akọ màlúù oníwo ṣíṣẹ́ yẹn, inú mi ò sì ní bàjẹ́, ó ti tó gẹ́ẹ́ tó ti ń wó ọgbà MaMpinga.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, kí ẹ búra sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí ìwé kejì tó wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ bi í lórúkọ. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Èmi, Nompucuko, ọmọbìnrin àgbà olóògbé ____________________, búra pé lọ́wọ́ mi ni Tadala Chirwa ti gba ẹran àti wàrà gẹ́gẹ́ bí aya àbúrò mi Lwandiso, pé èmi ni mo sọ ọ́ ní Nosiviwe, pé ẹnì kan ṣoṣo ni Tadala àti Nosiviwe, àti pé nínú ilé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ tí mo kọ sókè yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í pe ohunkóhun tó ń jẹ́ orúkọ náà.”

Ẹ ó rí i pé mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn “olóògbé.” N kò gbàgbé. Lwandiso ní òun lè bá mi kọ ọ́ síbẹ̀, mo ní kó fi í sílẹ̀; ọ̀rọ̀ yín ni, ọwọ́ yín ni kó kọ ọ́. Ẹ fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́, kí ó hàn ketekete.

Èyí tó kù ni èyí tó wúwo. Lọ́yà ní wọ́n lè tún pe Nosiviwe wọlé. Nínú ilé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ lè tú ìyàwó sílẹ̀ pé kó pe orúkọ náà níwájú ìjọba, lọ́jọ́ kan péré. Bí ẹ bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kó pè é, yóò pè é, torí pé àṣẹ yín náà wà lára ohun tó tẹ́wọ́ gbà. Bí ẹ bá ní kó má pè é, a ó fi ìwé yín àti ẹnu lọ́yà jà, bí a bá sì fìdí rẹmi, yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ pẹ̀lú ẹnu mímọ́. Ẹ má bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́. Ní òwúrọ̀, mo máa ń wo Liyema, mo máa ń ní kí ẹ tú u sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí Nosiviwe bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo màlúù, tó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe dé ibi tí bàbá sùn sí, láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó, mo máa ń ní kí ẹ má tú u. Ọmọ ilé lẹ̀yin. Ẹ bá wa pinnu rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé yín àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín. MaMpinga kí yín, ó ní kí ẹ sọ fún ìjọba pé òun ti mọ̀ ọ́n báyìí. Lwandiso dọ̀bálẹ̀. Nosiviwe ní kí n kí yín, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ ohun tí mo bẹ̀ yín. Bọ́ọ̀sì tó ń kúrò ní Kapa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi ìwé náà rán. Ẹ ta kókó méjì sí i.

Èmi ni tiyín, ìyàwó yín tí yóò dúró dè é ní ibùdókọ̀ Gcuwa láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,

Nowinile.